Àwọn Tó Ń Wádìí Ikú Tó Pa Ọ̀dọ́

Àdúgbò ilé-iṣẹ́ ni Chikaji, ní ìjọba ìbílẹ̀ Sabon Gari, Zaria. Ògiri fàkítírì gígùn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tírélà á dúró de ẹrù, àwọn alágbàṣe á jókòó ti ìyá olóúnjẹ, ọmọkùnrin tó gbé àtẹ oògùn á sì máa polówó: oògùn ẹ̀yìn ríro, oògùn jẹdíjẹdí, oògùn agbára. Hausa ni wọ́n fi ń ná ọjà, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rìn jìnnà kí ẹ tó gbọ́ Yorùbá. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba Zaria kọjá lọ sí Kánò, ní ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn, ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí Sabon Gari, tí wọ́n ń tajà, tí wọ́n ń kọ́lé, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń gbọ́ Hausa ju àwọn baba wọn lọ, ohun tí ọmọ Hausa sì ń mu ní ìdí ògiri fàkítírì làwọn náà ń mu.

Bí ọ̀dọ́ kan bá kú ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ìtàn rẹ̀ kì í gùn. Wọ́n á ní ó sùn, kò jí. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á kírun sí i lára, wọ́n á sì ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Bó bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tó jẹ́ Yorùbá, òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í fi òkú ọ̀fọ̀ ṣe àríyá. Kíá làwọn náà máa ń gbé e sin. N kò rí àléébù kankan nínú kí á tètè sin òkú. Ọ̀wọ̀ tí a jẹ òkú ni. Àmọ́ ohun kan máa ń bá ọ̀dọ́ yẹn wọ ilẹ̀ tí kò yẹ kó bá a lọ: ìdáhùn sí ìbéèrè pé kí ló pa á.

Ẹ bi àwọn ẹbí léèrè, wọ́n á ní àìsàn ránpẹ́ ni. Àwọn kan á ní wárápá ló gbé e. Àwọn Hausa lè ní iskoki, àwọn àǹjọ̀nnú, ló fọwọ́ bà á. Àwa náà á ní ayé ni. Ìyá rẹ̀ lè mọ̀ pé sáṣẹ́ẹ̀tì tramadol wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ níwájú àwọn tó wá kí i? Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbé e dé ọsibítù kí ẹ̀mí tó bọ́, ìwé ẹ̀rí ikú lè sọ pé ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Gbogbo ẹni tó kú ni ọkàn rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kí ló dá a dúró? Ibẹ̀ ni ìwé dákẹ́ sí.

Àwọn kan wà ní orílẹ̀-èdè yìí tí kò gbà kí ìwé dákẹ́ síbẹ̀. Dókítà ọpọlọ ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó ń bójú tó fáìlì wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ìwé ìbéèrè láti ojúlé dé ojúlé náà wà níbẹ̀. A máa ń yin dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ, tí aláìsàn sì dìde. Ẹni tó jókòó ti fáìlì àwọn tó ti kú, tó ń ka ojú ìwé kan tẹ̀ lé èkejì, kì í sí ẹni tó máa wá dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ yìn.

Ó yẹ ká bẹ̀rẹ̀ láti Abẹ́òkúta. Ní 1954 ni Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ètò tó sọ ọsibítù àìsàn ọpọlọ Aro di orúkọ tí ayé mọ̀. Kàkà kó kó gbogbo aláìsàn sẹ́yìn ògiri, ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ọsibítù ká, ẹbí wọn sì gbọ́dọ̀ bá wọn wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ Lambo mọ́ ètò abúlé yìí. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rántí ni pé òǹkà pẹ̀lú jẹ ẹ́ lógún. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn olùwádìí lọ sí Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀, wọ́n jókòó ti àwọn èèyàn lójúlé wọn, wọ́n bi wọ́n nípa oorun, ìpayà, ìrònú, oúnjẹ tí kò wọlé. Ìwé tí wọ́n kọ jáde ní 1963. Kí ìwé yẹn tó dé, àwọn òyìnbó kan ṣì ń kọ ọ́ pé ìrònú kì í dààmú adúláwọ̀ dé bi àìsàn. Kíkà ni Lambo fi dá wọn lóhùn, kò fi ìbínú dá wọn lóhùn.

Tolani Asuni, ẹni tó gba iṣẹ́ Aro lẹ́yìn Lambo, ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí, mo sì rò pé a kò yìn ín tó. Ní 1962 ló tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa àwọn tó pa ara wọn ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ibo ló ti rí wọn? Inú fáìlì àwọn adájọ́ tó ń wádìí ikú òjijì. Ẹ ronú sí i: ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n òkú, ọ̀rọ̀ aládùúgbò tó kọ́kọ́ rí i, gbogbo rẹ̀ wà lórí ìwé, kò sì sí ẹni tó ń kà á. Asuni jókòó, ó kà á. Nínú àwọn fáìlì yẹn ló ti ń wá àpẹẹrẹ àìsàn ọpọlọ tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú nígbà tí olúwarẹ̀ wà láàyè. Ní 1964, ó kọ̀wé fún ìwé ìròyìn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oògùn olóró, nípa igbó àti àwọn tó ń mu ún tí wọ́n di aláìsàn ní Nàìjíríà. Lambo náà kọ tirẹ̀ sínú ìwé ìròyìn kan náà ní 1965. Ìbéèrè tí wọ́n ń bá jà nígbà náà ṣì wà lórí tábìlì dòní: ṣé igbó ló yí ọpọlọ ọmọ yìí, àbí ọpọlọ tó ti ń yí ló ń wá igbó láti fi tu ara rẹ̀ nínú?

Ìjọba ológun kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ní 1966, òfin jáde pé ẹni tó bá gbin igbó lè kú sí i, tàbí kó lo ọdún mọ́kànlélógún ó kéré tán lẹ́wọ̀n. Àwọn dókítà ń ṣàpèjúwe aláìsàn, ìjọba ń wá ọ̀daràn. Láti ọjọ́ yẹn ni ìtìjú ti di àgàdágodo lẹ́nu àwọn ẹbí, àgàdágodo yẹn gan-an ló sì mú kó ṣòro fún olùwádìí láti gbọ́ òtítọ́ ní Chikaji lónìí. Òfin mìíràn tún kún un: nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa, ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Nígbà tí ọmọ bá gbé odidi páálí oògùn mì, tó kú, ṣé ẹbí yóò sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni? Bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ṣèèṣì gbé e mì jù àti ẹni tó fẹ́ kú gan-an ni dókítà ọpọlọ nílò jù. Ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, Oye Gureje, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ àìsàn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, darí ìwádìí tó gba ìpínlẹ̀ mọ́kànlélógún kọjá nínú mẹ́rìndínlógójì tí a ní, ara ìwádìí àgbáyé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń tì lẹ́yìn. Nínú èyí tó tẹ̀ jáde ní 2006, èèyàn 4,984 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ìdá 12.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ní irú àìsàn ọpọlọ kan rí láyé wọn. Nínú àwọn tí tiwọn le, ìdá mẹ́jọ péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìtọ́jú ní ọdún tó ṣáájú ìbéèrè náà. Wọ́n ní láti yí ìbéèrè sí Yorùbá, sí Hausa, sí Ìgbò àti sí Ẹ̀fíìkì, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ọ̀nà wo ni ẹ máa gbà bi àgbàlagbà ní Yorùbá bóyá ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí kò fi ní rò pé ẹ ń pe òun ní wèrè? Ẹni tó bá ti gbìyànjú rẹ̀ yóò bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe é.

Ní ti oògùn olóró fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu la fi ń díwọ̀n rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní oṣù kẹwàá 2017, wọ́n sọ ọ́ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà pé ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta ìgò oògùn ikọ́ oní-codeine tí wọ́n ń mu lójúmọ́ ní Kánò àti Jigawa nìkan. Gbogbo èèyàn tún un sọ. Ọdún yẹn náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ilé-iṣẹ́ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ ń ṣe ìwádìí tó rìn gbogbo ìpínlẹ̀ já: wọ́n bá èèyàn 38,850 sọ̀rọ̀ nínú ilé, wọ́n sì tún wá àwọn 9,344 tí oògùn ti wọ̀ lára kiri ibi tí wọ́n ń lò ó. Èsì rẹ̀ jáde sí gbangba ní oṣù kìíní 2019. Mílíọ̀nù 14.3 èèyàn, láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Mílíọ̀nù 4.6 nínú wọn lo oògùn apàrora ẹ̀yà opioid tí dókítà kò kọ fún wọn, tramadol àti codeine ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó lo oògùn olóró, ẹnì kan nínú mẹ́rin jẹ́ obìnrin.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọgbọ́n tí wọ́n fi kà wọ́n, nítorí ibẹ̀ ni ẹwà iṣẹ́ náà wà. Bí o bá kanlẹ̀kùn ilé kan ní Chikaji, tí o bi baálé pé ṣé ó ń mu tramadol, yóò ní kò mu ún. Nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ bi í nípa àwọn èèyàn tó mọ̀: ó mọ tísà mélòó, ó mọ nọ́ọ̀sì mélòó, títí wọn yóò fi mọ bí ojúlùmọ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó lápapọ̀. Wọ́n á wá bi í pé nínú àwọn ojúlùmọ̀ yìí, àwọn mélòó ló ń lo oògùn? Ẹni tó ti ara rẹ̀ mọ́ yóò ṣí ti aládùúgbò payá láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìṣirò ni wọ́n á fi kó gbogbo ìdáhùn jọ. Wọn kò dójú ti ẹnikẹ́ni, wọn kò rán ọlọ́pàá sí ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ wọ́n rí òótọ́. Ọ̀wọ̀ àti ìmọ̀ pàdé níbẹ̀.

Síbẹ̀ ìwádìí yẹn ka àwọn alààyè ni. Àwọn òkú ṣì wà níta.

Kí wá ni oògùn wọ̀nyí ń ṣe nínú ara? Àwọn Jámánì ló ṣe tramadol, ó sì dé ọjà wọn ní 1977 gẹ́gẹ́ bí oògùn ìrora. Ìwọ̀n 50 tàbí 100 mílígíráàmù ni ti ọsibítù. Èyí tó gba àárín ọjà wa kọjá láti Íńdíà máa ń jẹ́ 200, 225 tàbí 250. Ẹni tó ń gbé ẹrù ní fàkítírì máa ń gbé e mì kí ara má baà ro ó. Awakọ̀ máa ń gbé e mì kó lè wa ọkọ̀ mọ́jú. Bó bá pọ̀ jù, ibi tó ń rán èèyàn létí láti mí, ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Olúwarẹ̀ á máa han-an-run kíkan, èémí á máa jìnnà síra, ètè á máa ṣú. Àwọn tó wà nítòsí á rò pé oorun àsùnwọra ni. Bó bá jẹ́ pé ó tún gbé oògùn oorun mì tàbí ó mu ọtí pẹ̀lú rẹ̀, èémí á yára lọ. Tramadol tún ní ibi tirẹ̀ lọ́tọ̀: ó lè mú gìrì wá, kí ọmọ ṣubú, kó máa jà pìtìpìtì, kí wọ́n sì pè é ní wárápá tàbí iskoki. Èyí ló jẹ́ kí ikú kan náà ní orúkọ mẹ́ta láàárín ọ̀nà mẹ́ta ní Sabon Gari.

Àwọn ohun mìíràn wà lórí àtẹ. Àwọn kan ń fa gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ táyà, àwọn kan ń se èso zakami mu, èyí tí í máa mú èèyàn sọ ìsọkúsọ, tí í sì mú ọkàn sáré. Ní 2022, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, kéde pé àwọn yóò mú ẹni tó bá ń ta akuskura, àgbo kan tó ti gbé àwọn ọ̀dọ́ ṣánlẹ̀ káàkiri Àríwá. Ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba fòfin de pípò oògùn ikọ́ oní-codeine àti kíkó o wọ̀lú lẹ́yìn tí BBC tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń tà á. Íńdíà náà fi òfin mú tramadol ní ọdún yẹn. Ṣé ọjà wá pa? Ní oṣù kejì 2025, BBC tún tú àṣírí oògùn mìíràn láti Íńdíà, tí wọ́n po tapentadol àti carisoprodol pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń rọ́ wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oníròyìn ló tú àṣírí méjèèjì. Mo yìn wọ́n, àmọ́ ó dùn mí. Àwọn òkú ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ fún wa pé oògùn tuntun ti wọ ìgboro, bí ó bá jẹ́ pé a ní ẹni tó ń gbọ́ wọn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní. Láti 1997 ni ètò kan ti wà ní London, ní St George's tẹ́lẹ̀, ní King's College báyìí, tí àwọn adájọ́ awádìí-ikú ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí nígbàkígbà tí oògùn bá pa ẹnì kan. Kò sí òfin tó fi ipá mú àwọn adájọ́ náà. Wọ́n ń fi í ránṣẹ́ nítorí wọ́n rí i pé ó wúlò. Láti inú àkójọ yẹn ni àwọn olùwádìí ti ń rí ohun tí ikú kan ṣoṣo kò lè fi hàn: oògùn wo ló ń bá oògùn wo rìn, mélòó nínú àwọn òkú ló ti ní àìsàn ọpọlọ tẹ́lẹ̀, oògùn wo ni dókítà fúnra rẹ̀ kọ fún wọn. Ọmọ Yorùbá tó kú ní Peckham wà nínú ìwé yẹn. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó kú ní Zaria kò sí nínú ìwé kankan.

Mo wá dé ibi tó ṣòro jù: ẹni tí àìsàn méjì bá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ kan ń gbọ́ ohùn tí a kò gbọ́, ó sì ń mu igbó àti tramadol. Ọsibítù á ní kó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú oògùn. Ibùdó tí wọ́n ti ń gba èèyàn lọ́wọ́ oògùn á ní orí rẹ̀ ti dàrú, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Láàárín ẹnu ọ̀nà méjì yìí ni irú wọn ti ń kú. Ìwádìí ti fi hàn láti ọdún gbọọrọ pé àìsàn méjèèjì so mọ́ra: ní Sweden, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó lé ní 45,000, tí ìjọba pè sí iṣẹ́ ológun, fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìwádìí náà sì jáde ní 1987. Àwọn tó ti mu igbó ju àádọ́ta ìgbà lọ ní schizophrenia, àìsàn tó ń da orí rú, ní ìlọ́po mẹ́fà àwọn tí kò mu ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ líle ń fi ọdún mẹ́wàá sí ogún kú ṣáájú ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ebi, oògùn, ìkùnà ìtọ́jú, gbogbo rẹ̀ ló ń dá kún un.

Ní agbègbè Zaria, àwọn dókítà tó gbà láti tọ́jú àìsàn méjèèjì nínú ara kan wà. Ẹni tó bá kúrò ní Chikaji, tó gba Samaru kọjá, yóò dé Shika, níbi tí ọsibítù ìkọ́ni ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà pẹ̀lú ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ rẹ̀. Ọsibítù àìsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Barnawa, Kàdúná. Taiwo Lateef Sheikh, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ahmadu Bello, ti darí ọsibítù Barnawa yìí rí, ó sì ti jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ Nàìjíríà. Òun wà lára àwọn tó ja ìjà pípẹ́ kí òfin wèrè tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ láti 1916 lè kúrò nílẹ̀. Ní oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Sheikh tún wà lára àwọn tó ń jà kí ẹni tó gbìyànjú àtipa ara rẹ̀ má di ẹlẹ́wọ̀n mọ́. Ẹni tó sọ ìlera Àríwá di iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni: bí mo bá ń yìn, kò yẹ kí n fò ó dá.

Ó tọ́ kí wọ́n jà bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí àwọn ẹbí ń lò nígbà tí ọsibítù jìnnà ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Gidan mari ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Hausa. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, Kàdúná, wọ́n bá ọmọdékùnrin àti àgbà ọkùnrin tó ju ọ̀ọ́dúnrún lọ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ìdè, àpá ẹgba lára. Àwọn òbí tó kó wọn wá ti ń sọ pé oògùn tàbí ìwàkuwà ló fà á. Wọ́n tún ṣí irú rẹ̀ ní Daura nínú oṣù tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kan: Human Rights Watch bẹ irú ibùdó méjìdínlọ́gbọ̀n wò ní Nàìjíríà, wọ́n sì rí ìdè ní ti Mùsùlùmí, ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, ní ti oníṣègùn ìbílẹ̀, àti ní ti ìjọba pẹ̀lú.

Gbogbo wa yọ̀ nígbà tí wọ́n tú àwọn ọmọ Rigasa sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti ka ìwádìí yóò máa fòyà. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, Ingrid Binswanger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn 30,237 tó jáde lẹ́wọ̀n. Ìwádìí wọn jáde ní 2007. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ewu kí oògùn àpọ̀jù pa wọ́n jẹ́ ìlọ́po 129 ti àwọn ará ìlú yòókù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ara tó ti jìnnà sí oògùn fún oṣù mélòó kan kò lè gbé ìwọ̀n tó ń gbé tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọmọ á jáde, á bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìdí ògiri, á gbé iye tó mọ̀ mì, á sì kú. Nítorí èyí, láti 2011 ni Scotland ti ń fún àwọn tó ń jáde lẹ́wọ̀n ní naloxone, abẹ́rẹ́ tó ń lé oògùn opioid kúrò níbi tó dì mọ́ nínú ọpọlọ, kí èémí lè padà. Àwọn tó kúrò ní Rigasa ńkọ́? Ta ló ka àwọn tó ṣì wà láàyè nínú wọn lẹ́yìn oṣù kan?

Ẹni kan lè sọ pé wíwádìí ohun tó pa irú àwọn òkú bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe ní ibi tí kò sí adájọ́ tó ń wádìí ikú, tí a kì í sì í ṣí òkú wò. Ó ṣeé ṣe, a sì ti ṣe irú rẹ̀. Ní 2014 àti ní 2019, wọ́n ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà lórí àwọn ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún tó kú. Wọn kò fọwọ́ kan òkú kankan. Wọ́n lọ bá ìyá, wọ́n bi í: ìgbà wo ni ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ṣé èémí rẹ̀ yá, ibo lẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kí ni wọ́n sọ fún yín níbẹ̀? Àwọn dókítà wá ka ìdáhùn, wọ́n sì fi mọ irú ikú tó pa á. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìwé ìbéèrè irú rẹ̀ fún àgbàlagbà pẹ̀lú. Ìlànà yìí kò ṣẹ̀ sí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni, kò dá ìsìnkú dúró, kò sì fẹ́ ẹ̀rọ olówó gọbọi.

Ìbàdàn ti fi ọ̀nà mìíràn hàn tó lè wúlò níbí. Nínú ìwádìí kan tí Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2020, wọ́n mú nọ́ọ̀sì ìlera àdúgbò àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ti ṣọ́ọ̀ṣì jókòó pọ̀ láti jọ tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. Ara àwọn aláìsàn náà yá ju ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìtọ́jú bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe ní Ìbàdàn, máálàmù tó ń wẹ òkú ní Chikaji àti alàgbà tó ń gbàdúrà fún aláìsàn ní Sabon Gari lè di ẹni tí olùwádìí ń bá ṣiṣẹ́. Máálàmù ló ń rí ara òkú, òun ló lè sọ bí ètè àti èékánná rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó ń bójú tó kẹ́mísì mọ ohun tí wọ́n ń rà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní Chikaji gbọ́dọ̀ gbọ́ Hausa dáadáa, kó sì gbọ́ Yorùbá. Kó dúró kí ogójì ọjọ́ kọjá kó tó lọ bá ìyá òkú. Kó má wọ aṣọ tó jọ ti òṣìṣẹ́ NDLEA. Kó kọ́kọ́ gbọ́ irú ọmọ tí olóògbé jẹ́, orúkọ tí wọ́n ń fi ṣe àpọ́nlé rẹ̀, iṣẹ́ tó ń kọ́, kó tó béèrè ohun tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Kó béèrè bóyá ó ti ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, bóyá kì í sùn, bóyá ó sọ pé ayé sú òun, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibì kan dé. Kó tún béèrè nípa alẹ́ tó gbẹ̀yìn, wákàtí dé wákàtí. Bí ìyá bá sì wá sọ pé ọmọ òun ń han-an-run lálẹ́ ọjọ́ náà ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, kí olùwádìí kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kó ti bírò rẹ̀ sápò, kó pe àwọn àbúrò olóògbé wọlé, kó sì sọ fún wọn pé ẹni tó bá ń han-an-run báyẹn lẹ́yìn tó lo oògùn kì í ṣe ẹni à ń fi sílẹ̀ kó sùn: kí wọ́n jí i, kí wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì gbé e lọ sí Shika lóru ọjọ́ náà.